Bí Mo Ṣe Wá Bọ̀dá Mi Dé Rimini

"Kì í ṣe òun ló ń kọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi sọ lórí fóònù nìyẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan tí mo dúró níwájú ẹlẹ́ja ní Rye Lane, ọjà Peckham nílùú òyìnbó, tí mò ń retí kí wọ́n bá mi gé ẹja tí mo rà.

"Ta ni, Ìyá?"

"Ẹni tó ń fi fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ kọ̀wé ránṣẹ́. Tíṣà ojúlé kejì ka ti àná fún mi. Ó ní, 'Mo wà dáadáa, Ìyá, ẹ má ṣèyọnu.' Ṣé bí Mùfú ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn? Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́. Tó bá jẹ́ pé ó ti kú, ẹ sọ fún mi, kí n lè sunkún mi."

Ẹlẹ́ja béèrè bóyá wẹ́wẹ́ ni kí òun gé e àbí ńláńlá. Mo ń wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Nígbà tó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta ni mo ní kó gé e bó bá ṣe wù ú.

Bọ̀dá Mùfú fi ọdún méje jù mí lọ. Àwọn ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Ìwó nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kì í ṣe aago ni àwọn ará àdúgbò wa fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́, ohùn bọ̀dá mi ni. Bí wọ́n bá pe ìrun àsùbáà, ìyá mi á jókòó sórí ẹní, wọ́n á ní, "Ẹ gbọ́ ohùn ọmọ mi." Wọn kì í dìde títí ìpè náà yóò fi parí. Bọ̀dá mi kúrò nílé ṣáájú mi. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé Ítálì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ, èmi náà kò sì ní sọ ọ́ níbí. Rimini ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí, ìlú kan létí òkun, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná hòtẹ́ẹ̀lì kan. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń pe Ìyá. Bí wọ́n bá ti kí wọn tán, wọ́n á fi ohùn adùn ṣe àdúà fún wọn, Ìyá á sì máa ṣe àmín títí a ó fi rò pé wọ́n ti gbàgbé pé fóònù ni wọ́n gbé dání.

Lójijì ni ìpè dáwọ́ dúró. Oṣù mọ́kànlá gbáko ni a kò gbóhùn wọn. Àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ló ń wá. Bí mo bá pè wọ́n, fóònù á dún títí á fi dákẹ́, nígbà tó bá yá, ọ̀rọ̀ á wọlé: "Mo wà níbi iṣẹ́. Mo wà dáadáa." Mo ní kí wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́, mo ti ní in láti ọdún méjì sẹ́yìn: wọ́n wọ aṣọ funfun àwọn aláṣè, wọ́n dúró síwájú hòtẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ọsàn kan. N kò sọ ti fọ́tò náà fún Ìyá. Ohun tó wà nínú ọkàn tiwọn ti wá wọ inú ọkàn tèmi.

*

Nígbà yẹn, mo ti lo ọdún mẹ́rin ní Peckham. Kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ẹyin ni. Nínú ilé tí mo ti gba yàrá ní Nunhead, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Peckham níbẹ̀, ìdílé mẹ́rin ló ń lo fíríìjì kan. Ọjọ́ kejì tí mo dé, mo ṣí i, mo rí ẹyin tí wọ́n fi bírò kọ orúkọ sí lára, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo ti ilẹ̀kùn fíríìjì náà pa wẹ́rẹ́, mo padà sí yàrá mi, mo jókòó. Ilé tí a ti ń fi àwo kan jẹun ni mo ti wá. N kò mọ bí èèyàn ṣe ń gbé níbi tí ẹyin ti ní olúwa.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe. Ní Brockley, bàbá òyìnbó kan wà tí mo máa ń wẹ̀ fún láàárọ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n máa ń bi mí pé, "Ìwọ ta ni?" Ojoojúmọ́ ni mo máa ń sọ orúkọ mi. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo máa ń sọ ọ́ bí ẹni tí kò dá ara rẹ̀ lójú. Bí shift bá parí, Rye Lane ni mo máa ń gbà lọ sílé, bí n kò tilẹ̀ ní nǹkan rà, torí kí ẹnì kan lè pè mí: "Aunty, ẹ wo iṣu! Aunty, ẹ máa bọ̀ níbí!" Wọn ò mọ̀ mí. Àmọ́ ẹnu wọn mọ bí wọ́n ṣe ń pe irú mi.

Nígbà tí ìwé ìrìnnà tí mo béèrè láti fi lọ wá bọ̀dá mi jáde, mo tọrọ ìsinmi níbi iṣẹ́. Oṣù January nìkan ni manager mi ní ààyè wà, ọjọ́ mẹ́rin péré. Sidi, ọmọ Ìbàdàn tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, fi mí rẹ́rìn-ín.

"Sister mi, ta ló ń lọ sí Italy ní January? Even àwọn tó ni Italy ò sí níbẹ̀ ní January! Kí lo fẹ́ lọ jẹ níbẹ̀, òtútù?"

Mo sọ ohun tí mò ń bá lọ fún un. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Kí Ọlọ́run jẹ́ o bá a láàyè." Ọ̀rọ̀ "láàyè" yẹn ni mo gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú.

N kò sọ fún Ìyá pé mò ń lọ.

*

Kùrukùru bo Rimini nígbà tí mo débẹ̀. Ìlú tí wọ́n kọ́ fún oòrùn ni, oòrùn ò sì sí nílé. Hòtẹ́ẹ̀lì lé ní hòtẹ́ẹ̀lì ló tò lọ létí òkun, gbogbo fèrèsé wọn ni wọ́n ti pa. Wọ́n ti kó agboòrùn etí òkun wọlé, ó wá ku kìkì òpó tí wọ́n gbìn sínú iyanrìn. Mo rìn títí, n kò pàdé ju obìnrin kan tó ń fa ajá rẹ̀ lọ. Ìró bàtà mi nìkan ni mò ń gbọ́, mo sì ń wẹ̀yìn nígbà gbogbo bí ẹni tó jalè.

Mo rí hòtẹ́ẹ̀lì inú fọ́tò náà. Àwọ̀ ọsàn ara rẹ̀ ti ṣí. Ṣéènì àti àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ gíláàsì. Mo fi fóònù túmọ̀ ìwé náà: wọ́n ti pa ilé dé títí di oṣù karùn-ún. Mo tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Mo tún un tẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń dún nínú ilé òfìfo náà.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mo fi kọ̀wé sí wọn: "Bọ̀dá, mo wà ní Rimini, níwájú hòtẹ́ẹ̀lì yín. Níbo lẹ wà?"

Àmì méjì abẹ́ ọ̀rọ̀ mi di búlúù. Ẹnì kan ti kà á. Mo ń retí èsì. Nígbà tí n kò rí nǹkan kan, mo pè. Wọ́n ti pa fóònù.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn hòtẹ́ẹ̀lì náà. Ta ló kà á? Bó bá jẹ́ bọ̀dá mi ni, kí ló dé tí wọ́n fi pa fóònù mọ́ àbúrò wọn tó wá láti ìlú òkèèrè? Bí kì í bá sì ṣe àwọn, ta ló ń fi orúkọ wọn kí ìyá mi láti oṣù mọ́kànlá?

*

Ibi tó ṣí nínú ìlú kò pọ̀, ibi oúnjẹ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Mo rò ó pé aláṣè kì í jìnnà sí oúnjẹ. N óò máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, n óò máa fi fọ́tò hàn wọ́n. Ṣùgbọ́n n kò lè wọ ilé oúnjẹ kí n má ra nǹkan. Èèyàn dúdú tó wọlé tí kò ra nǹkan, tó ń na fóònù síni lójú, wọ́n á ti lé e kó tó la ẹnu. Torí náà ni mo ṣe ń jẹun kiri láìjẹ́ pé ebi ń pa mí.

Mo kọ́kọ́ mu kọfí kan tí kò ju ìdérí ìgò lọ, tó korò bí àgbo. Ọkùnrin ẹ̀yìn káńtà wo fọ́tò, ó mi orí. Mo gba orí afárá òkúta kan kọjá, èyí tí wọ́n ní àwọn ará Róòmù àtijọ́ ló kọ́ ọ, mo wọ ilé oúnjẹ kékeré kan lódì kejì. Gbólóhùn kan ni mo ti há sórí láti Peckham: bí wọ́n ṣe ń sọ pé kò gbọdọ̀ ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nínú. Mo sọ ọ́. Ọmọge tó ń gbé oúnjẹ rẹ́rìn-ín, ó tún un sọ fún mi bó ṣe yẹ, ó wá gbé omi ọbẹ̀ adìyẹ kan wá, wọ́n fi ohun kan tí wọ́n fi búrẹ́dì àti ẹyin pò, tó rí bí okùn wẹ́wẹ́, sínú rẹ̀. Ó gbóná, ó sì dùn. Inú bí mi pé ó dùn. Mo fi fọ́tò hàn án. Ó pe àwọn ará inú kíṣìnì, gbogbo wọn wò ó, gbogbo wọn mi orí.

Létí òkun, níbi tí àwọn ọkọ̀ apẹja so mọ́, mo ra ẹja wẹ́wẹ́ díndín tí wọ́n dì sínú pépà. Mo ń jẹ ẹ́, mo ń wojú gbogbo ọkùnrin dúdú tó ń kọjá. Méjì ni mo kí. Ọmọ Senegal ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ bi mí pé, "Níbo nilé rẹ?"

Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó rò ó: "Peckham."

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹja lẹ́nu. Fún ọdún mẹ́rin, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ilé, Ìwó ni mò ń sọ. Peckham kàn jẹ́ ibi tí mò ń sùn ni. Àfi ìgbà tí mo dé ìlú kẹta tí ọkàn mi kò balẹ̀, ni mo tó mọ̀ pé ọ̀nà kan wà tí mo mọ̀ láìbéèrè, ilẹ̀kùn kan wà tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò mi. Kò dùn mọ́ mi. Ó dà bíi pé mo ṣẹ ìyá mi. Àmọ́ òótọ́ ni.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo kàn sùn ni, ikùn mi kún, fóònù wà lọ́wọ́ mi.

*

Lọ́jọ́ kejì, mo rí ìsọ̀ kékeré kan nítòsí etí òkun, wọ́n kùn ún ní ìlà aláwọ̀ ewé àti funfun. Màmá òyìnbó kan tí ọjọ́ orí wọn á tó ti ìyá mi ló wà níbẹ̀. Oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní piadínà ni wọ́n ń ṣe, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń yan lórí irin gbígbóná. Mo sọ gbólóhùn mi nípa ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n fi wàràkàṣì àti ewébẹ̀ sí i, wọ́n ṣẹ́ ẹ po, wọ́n gbé e fún mi. Mo bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan, mo sì na fóònù sí wọn.

Ojú wọn yí padà. "Ah," ni wọ́n ń wí, "ah." Wọ́n nawọ́ sí bọ̀dá mi nínú fọ́tò náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ìka sókè, wọ́n fi fa ìlà gba ọrùn ara wọn kọjá.

Oúnjẹ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń ké, n kò mọ̀ pé èmi ni. "Wọ́n ti pa á! Wọ́n ti pa bọ̀dá mi!" Màmá náà sáré jáde láti ẹ̀yìn ìsọ̀, wọ́n dì mí mú ní apá méjèèjì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kíákíá, n kò gbọ́ ìkankan. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Fóònù túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ohùn tí kò ní àánú:

"Rárá. Kò kú. Dókítà gé ọrùn rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ. Ó wà láàyè. Ó ń kun ilé igi létí òkun."

Mo ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n tún un sọ. Wọ́n wá fà mí lọ́wọ́ bí ọmọdé, a sọdá títì, wọ́n nawọ́ sínú kùrukùru.

Ilé pákó kéékèèké, níbi tí àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ ti ń pààrọ̀ aṣọ, tò lọ lórí iyanrìn. Ọkùnrin kan kẹ́yìn sí mi, ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọ̀dà búlúù kun ilẹ̀kùn ọ̀kan nínú wọn. Mo mọ ẹ̀yìn yẹn. Ó gbé mi pọ̀n rí.

"Bọ̀dá!"

Búrọ́ọ̀ṣì dúró lórí pákó. Wọn kò tètè yíjú padà. Nígbà tí wọ́n yí i, mo rí i pé wọ́n ti rù, wọ́n sì fi ìborùn wé ọrùn. Wọ́n la ẹnu. Ohun tó jáde níbẹ̀ dà bí ewé gbígbẹ tí atẹ́gùn ń wọ́ nílẹ̀.

"Àbúrò mi," ni wọ́n sọ. "Má wò mí."

*

Wọ́n sọ ọ́ fún mi díẹ̀díẹ̀ lórí àga ìsọ̀ màmá náà, èmi náà sì ní láti fi etí mọ́ ẹnu wọn. Kókó kan ló hù sí wọn ní ọ̀nà ọ̀fun. Dókítà ní bí wọn ò bá gé e, yóò pa wọ́n. Bí wọ́n bá sì gé e, ohùn lè bá a lọ. Àwọn nìkan ni wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?" Mo ń sunkún, inú sì ń bí mi. "Ẹ ka ọ̀rọ̀ mi lánàá, ẹ pa fóònù mọ́ mi lójú!"

"Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé bí o bá rí mi, wàá sọ fún Ìyá." Wọ́n sinmi kí wọ́n tó lè tẹ̀ síwájú. "Láti ọdún tí mo ti kúrò nílé, kí ni Ìyá rí lára mi bí kò ṣe ohùn yẹn? N kò sí níbi ìsìnkú bàbá wa. N kò gbé ìyàwó wálé. Ohùn nìkan ni mò ń fún wọn. Kí ni mo wá fẹ́ fi pè wọ́n?"

Màmá oní-piadínà gbé oúnjẹ méjì wá, wọ́n lu bọ̀dá mi léjìká, wọ́n sì na ìka sí mi pé kí n jẹun. Mo jẹ ẹ́. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yẹn, ìgbà yẹn ni ebi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pa mí.

Lọ́jọ́ kẹta, bọ̀dá mi gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n mú mi rìn. Wọ́n mọ ilé búrẹ́dì tó máa ń kọ́kọ́ ṣí láàárọ̀, wọ́n mọ ibi tí àwọn apẹja ti ń mu ọbẹ̀ gbígbóná. Ní gbogbo ibi tí a bá dé, wọ́n á kàn gbọ́wọ́ sókè, àwọn èèyàn á sì gbé ohun tí wọ́n fẹ́ wá láìbéèrè. Ó yà mí lẹ́nu. Níbi tí mo rò pé wọ́n sọnù sí, àwọn èèyàn mọ irú oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ. Síbẹ̀, ọkàn mi kò balẹ̀. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni mo máa padà, wọ́n sì ti mú mi búra pé n kò gbọdọ̀ sọ fún Ìyá.

A ń jẹ ẹja lọ́wọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ náà nígbà tí fóònù mi dún. Ìyá ni. Bọ̀dá mi mi orí. Fóònù ń dún, a ń wojú ara wa. Mo rántí àtẹ̀gùn hòtẹ́ẹ̀lì yẹn, bí mo ṣe jókòó síbẹ̀ láìrí èsì. Oṣù mọ́kànlá ni ìyá mi ti jókòó sórí irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀. Mo gbé e, mo fi sí ibi tí àwa méjèèjì á ti máa gbọ́.

"Ìyá, mo wà lọ́dọ̀ Bọ̀dá Mùfú."

Ìyá fi ohùn gbígbẹ bi mí pé, "Lẹ́bàá sàréè rẹ̀ ni?"

"Rárá o, Ìyá! Wọ́n jókòó síwájú mi. Wọ́n ń jẹ ẹja."

"Bó bá lè jẹ ẹja, ó lè sọ̀rọ̀. Gbé fóònù fún un."

"Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn lọ́rùn, Ìyá. Ohùn wọn ti lọ. Ìdí tí wọn ò fi pè yín nìyẹn."

Mo gbọ́ adìyẹ tó ń ké lẹ́yìn wọn ní Ìwó. Bọ̀dá mi ti bo ojú wọn.

"Mùfútàù," ni Ìyá wí. "Ṣé ohùn ni mo bí? Lọ́jọ́ tí mo bí ọ, o ò ké. Agbẹ̀bí lù ọ́ nídìí títí, o ò ké. Wọ́n ní kí n má wò ọ́, mo wò ọ́. Mo ti mọ̀ ọ́ kí o tó ní ohùn. Ìwọ wá jókòó síbì kan, ò ń fi ìwé ránṣẹ́ sí mi bí òṣìṣẹ́ ìjọba!"

Bọ̀dá mi ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú wọn, ẹ̀rín náà kò ní ìró kankan.

"Má wulẹ̀ sọ nǹkan kan," ni Ìyá wí. "Gbọ́ tèmi." Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn: òrùlé tí ìjì ká, ìyàwó tí ọmọ Tíṣà gbé, ewúrẹ́ tó bí ìbejì, ẹni tó kú, ẹni tó rí iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ oṣù mọ́kànlá ni wọ́n ń kó jáde. Ẹja wa tutù lórí tábìlì. Nígbà tí wọ́n dánu dúró láti mí, bọ̀dá mi gbé fóònù sún mọ́ ètè, wọ́n fi gbogbo agbára ọrùn wọn sọ ọ̀rọ̀ kan.

"Ìyá."

"Hẹ̀n," ni Ìyá dáhùn. "Mo gbọ́."

*

Bọ̀dá mi ṣì wà ní Rimini. Ohùn wọn kò padà bó ṣe wà, dókítà sì ti ní kò lè padà. N kò lè sọ bóyá wọ́n máa wálé tàbí ìgbà wo. Bí fóònù bá dún ní àkókò tí kò yẹ, àyà mi ṣì máa ń já. Mo rò pé bí ẹni tó wà lókèèrè ṣe ń gbé nìyẹn.

Àmọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo wà nínú bọ́ọ̀sì láti Brockley nígbà tí Ìyá pè. Ẹ̀rín ń gbọ̀n wọ́n débi pé n kò tètè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ bú mi lónìí o!"

"Ṣé kò sí, Ìyá? Kí ni wọ́n sọ?"

"Ó ní ẹnu mi ti pọ̀ jù. Ó ní kí n dákẹ́, kí òun náà ráyè sọ̀rọ̀."